Àáró àti Iṣẹ́ Ipá: Kí Ni Ó Ń Mú Ara Yá Síṣẹ́?

Àwọn ènìyàn wa a máa sọ pé, "Iṣẹ́ ìjọba, a kì í ṣe é láàgùn." Bí àlejò bá gbọ́ gbólóhùn yìí, ó lè rò pé ọ̀lẹ ni wá. Ìtàn ilẹ̀ wa fi òmíràn hàn.

Kí àwọn Faransé tó dé, àwọn baba wa ti mọ bí a ti ń pa ọwọ́ pọ̀ ṣiṣẹ́. Nínú àáró, àgbẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ yóò kọ ebè lóko ẹnì kan lónìí, wọn yóò sì kọjá sí oko ẹlòmíràn lọ́la. Iṣẹ́ ni a fi ń san gbèsè iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ṣe ìmẹ́lẹ́ lóko ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀la ni yóò kan oko tirẹ̀. Ní ti ọ̀wẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé, tàbí tí ó fẹ́ ṣiṣẹ́ fún àna rẹ̀, ni ó ń bẹ ará àdúgbò lọ́wẹ̀. Oúnjẹ àti ẹmu ni ó fi ń tọ́jú wọn. Kò sí pàṣán níbẹ̀. Ìtìjú, iyì, àti ìdánilójú pé a óò ṣe tiwa fún wa, ni ó ń mú ara yá.

Iṣẹ́ tí ìjọba amúnisìn gbé wá sí Dàhòmì kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dọọdún, àwọn ọkùnrin gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ wọn la ọ̀nà láìgba owó, lẹ́yìn owó orí tí wọ́n ti san. Òfin indigénat sì fún kọ̀mándà ní àṣẹ láti sọ ẹni tí ó bá kọ̀ sẹ́wọ̀n láìgbé e dé ilé-ẹjọ́. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dé, tí a tún ń kó ọ̀dọ́ lọ sójú ogun, àwọn Ọ̀họ̀rí dìde nínú irà wọn, wọ́n jà ní 1914 àti 1915. Ọ̀pọ̀ ará Kétu kò jà. Wọ́n kó ẹrù, wọ́n kọjá ààlà sí ìhà Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà. Òpìtàn A. I. Aṣíwájú ti kọ̀wé lórí irú ìṣílọ bẹ́ẹ̀, ó sì kà á sí ọ̀nà ìtakò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ń gba owó orí, ṣùgbọ́n àjàgà tiwọn fúyẹ́ díẹ̀. Àwọn tí a pè ní ọ̀lẹ níhìn-ín ni wọ́n dá oko lọ́hùn-ún.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin, 1946, òfin tí Félix Houphouët-Boigny gbé síwájú ilé aṣòfin ní Paris fi òpin sí iṣẹ́ ipá. Òfin parí, ṣùgbọ́n ìrántí kò parí. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn yìí, kò ní yà á lẹ́nu bí àwọn kan bá ṣì ń wo iṣẹ́ ìjọba bí iṣẹ́ àjèjì.

Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a fagbára mú ní í le. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a ń darí ènìyàn lónìí, nílé iṣẹ́, nílé ẹ̀kọ́ tàbí nínú ẹgbẹ́ wa yìí, bi ara wa léèrè: ṣé àáró ni a ń pè wọ́n sí, àbí iṣẹ́ ipá?