Ọwọ́ Ta Ni Àlùmọ́gàjí Wà?

Ẹ̀yin ará wa, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ sinimá ni a gbé wá lẹ́ẹ̀kan yìí. Ní Ọlọ́runṣògo àti àwọn abúlé tí ó yí wa ká, ó wọ́pọ̀ kí ẹnì kan dìde lẹ́yìn wáàsí kí ó ní kí ìjọba fi àlùmọ́gàjí gé gbogbo fíìmù tí kò bá ẹ̀sìn mu. A kò bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbọ́.

Oṣù August 1903 ni àwọn ará Èkó kọ́kọ́ wo àwòrán tí ń rìn, ní Glover Memorial Hall. Ilé iṣẹ́ kan láti Barcelona ní ilẹ̀ Sípéènì ni ó gbé e wá, Herbert Macaulay sì bá wọn ṣètò rẹ̀. Àwọn àwòrán ìgbà náà kò ní ohùn. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kọ sáàárín wọn kí òǹwòran lè mọ ohun tí ń lọ, ẹni tí ó bá sì kọ ọ́ ni ó ń sọ fún ọ pé ẹni báyìí ni ènìyàn rere, ẹni báyìí ni ìkà.

Ẹ jẹ́ kí a dé Amẹ́ríkà ná, nítorí ibẹ̀ ni irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ jù. Ní ọjọ́ 4 oṣù July 1910, Jack Johnson, adúláwọ̀ abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò, lu Jim Jeffries tí àwọn òyìnbó ní kí ó wá gba adé padà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ya ìjà náà sí fíìmù. Kíá ni àwọn aláṣẹ ìlú púpọ̀ ní àwọn kò fẹ́ ẹ, pé yóò dá rògbòdìyàn sílẹ̀. Nígbà tí ó di 1912, ìjọba àpapọ̀ ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé fíìmù ìjà ẹ̀ṣẹ́ láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, D. W. Griffith gbé The Birth of a Nation jáde. Òyìnbó tí ó kun ojú dúdú ni ó ṣe bí adúláwọ̀ tí ń lé ọmọbìnrin òyìnbó kiri, títí ọmọ náà fi bẹ́ láti orí àpáta tí ó sì kú. Àwọn Ku Klux Klan, apààyàn tí ń fi aṣọ bojú, ni wọ́n sọ di olùgbàlà. Wọ́n wo èyí nínú ilé Ààrẹ Woodrow Wilson ní February 1915. Kí ọdún náà tó parí, ẹgbẹ́ Klan tí ó ti kú ti tún jí ní Georgia.

Ẹgbẹ́ NAACP, tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn adúláwọ̀, bẹ àwọn aláṣẹ kí wọ́n fòfin de fíìmù náà. Ohio àti Kansas gbà, ọ̀pọ̀ ibi kò gbà. Ibi tí ó dùn wá jù nìyí: Oscar Micheaux, adúláwọ̀ tí ń ṣe fíìmù tirẹ̀, gbé Within Our Gates jáde ní 1920, ó sì fi hàn bí àwọn òyìnbó ṣe ń so adúláwọ̀ kọ́ sórí igi láìsí ẹjọ́. Ní Chicago, níbi tí ìjà funfun àti dúdú ti pa ènìyàn 38 ní 1919, àwọn aláyẹ̀wò kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Àwọn adúláwọ̀ kan pàápàá kò fẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n máa gbà á, wọ́n ti gé nínú rẹ̀. Àlùmọ́gàjí tí NAACP fẹ́ kí wọ́n fi gé irọ́ Griffith, òun náà ni wọ́n fi gé òtítọ́ Micheaux.

Kí a má sì rò pé adúláwọ̀ nìkan ni. Nínú The Sheik, tí ó jáde ní 1921, ọmọbìnrin òyìnbó kan nífẹ̀ẹ́ Lárúbáwá kan. Kí ó tó parí, wọ́n ní ọkùnrin náà kì í ṣe Lárúbáwá rárá: Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá rẹ̀, ará Sípéènì ni ìyá rẹ̀! Ẹ̀rín pa wá nígbà tí a gbọ́.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Agbègbè Jos ni Geoffrey Barkas ti ya Palaver, tí ó jáde ní 1926. Àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n ṣeré nínú rẹ̀. Ọtí ni wọ́n fi ti ọba wọn sógun, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ni ó sì wá tún ìlú ṣe. Lóòótọ́, òyìnbó ni ó fún ọba lọ́tí, ṣùgbọ́n Fernandez ni wọ́n sọ ọ́, kì í ṣe orúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn aláyẹ̀wò ní ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń jọba lé lórí a máa ṣọ́ fíìmù tí ó bá fi òyìnbó hàn ní ọ̀mùtí, olè tàbí aláìnítìjú, kí ọ̀wọ̀ wọn má baà dínkù lójú wa. Ọ̀wọ̀ tiwa kò sí nínú ohun tí wọ́n ń ṣọ́. Nígbà tí fíìmù ti ń fọhùn pàápàá, tí Sanders of the River jáde ní 1935, tí Orlando Martins ọmọ Èkó wà nínú rẹ̀, Paul Robeson tí ó ṣe olórí òṣèré adúláwọ̀ ibẹ̀ padà kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Láti 1993 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ aláyẹ̀wò fíìmù àti fídíò sílẹ̀ ní Nàìjíríà. A fẹ́ kí wọ́n gé ìhòòhò, a kò fi bò. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ bá ya fíìmù nípa ọmọbìnrin tí wọ́n lé kúrò ní kíláàsì nítorí híjáàbù, tí ẹnì kan sì ní yóò dá rògbòdìyàn sílẹ̀, kí ni a ó wí?

Fíìmù Micheaux sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilẹ̀ Sípéènì ni wọ́n ti rí ẹ̀dà kan, wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí La Negra, èdè Sípéènì sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ tí ó wà láàárín rẹ̀. Library of Congress tún un ṣe ní 1993, wọ́n ní láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ibì kan láàárín rẹ̀ kò sí mọ́. Gbólóhùn díẹ̀ ni wọ́n kọ sí ààyè rẹ̀.