Géèjì tó ń parọ́: bí a ṣe lè mọ̀ bóyá mọ́tò ń gbóná lóòótọ́

Géèjì ni ohun tó ń fi iye hàn wá níwájú awakọ̀: epo tó kù nínú táǹkì, eré tí mọ́tò ń sá, bí ooru ẹ́ńjìnnì ṣe tó. Abẹ́rẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn a máa pè é ní ọwọ́, bí ọwọ́ aago. Bí ohun tí abẹ́rẹ́ ń sọ kò bá bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì mu, a ó ní géèjì náà ń parọ́. Géèjì ooru ni ọ̀rọ̀ wa níbí, torí irọ́ tirẹ̀ lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, ó sì lè jẹ́ kí ẹ náwó sórí ohun tí kò bàjẹ́ rárá.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀yin àti bàbá yín tò sẹ́yìn àwọn mọ́tò tó ń dúró de ọkọ̀ ojú omi ní Woolwich, èyí tó ti ń gbé èèyàn kọjá odò Thames lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 1889. Mọ́tò ò rìn, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Bàbá yín wo iwájú, wọ́n ní, "Kí ló dé tí nǹkan yìí fi ń gòkè?" Ẹ dáhùn pé, "Dádì, ó gbóná."

Ìdáhùn yẹn ò tíì tó. Ẹ́ńjìnnì tó ti rìn láti Thamesmead dé Woolwich gbọ́dọ̀ gbóná. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. "Ó gbóná" ń sọ bí nǹkan ṣe wà. "Ó ń gbóná" ń sọ pé ooru ṣì ń pọ̀ sí i, àti lẹ́nu àwọn onímọ́tò, pé ó ti ń kọjá ààlà. Bí ẹ bá sọ fún mẹkáníìkì Yorùbá pé "mọ́tò mi ń gbóná", omi ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Bí ẹ bá ní "mọ́tò mi gbóná", ó lè máa wò yín pé kí ló wá burú níbẹ̀. Ń kékeré yẹn ló ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a dàgbà síbí máa ń gbé mì.

Ní ti bí géèjì ṣe ń ṣiṣẹ́: sẹ́ńsọ̀ kékeré kan wà nínú omi tó ń yí ẹ́ńjìnnì ká. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni ìdènà tí sẹ́ńsọ̀ ń ṣe fún iná mànàmáná ń dín kù. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́, wáyà kan ló lọ tààrà láti ibẹ̀ sí géèjì. Bí wáyà náà bá já, abẹ́rẹ́ á sùn sílẹ̀ bíi pé ẹ́ńjìnnì tutù; bó bá bó, tó fara kan irin mọ́tò, abẹ́rẹ́ á fò sókè kódà nínú yìnyín. Nínú mọ́tò òde òní, kọ̀ǹpútà ló wà láàárín. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló sì ṣètò rẹ̀ kí abẹ́rẹ́ má kúrò ní àárín láti nǹkan bí 75 sí 105 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ẹ̀rù má máa ba awakọ̀. Nítorí náà, bó bá ti lè kúrò ní àárín lọ sókè, ẹ má fojú kéré rẹ̀.

Àyẹ̀wò tí mo fẹ́ràn jù kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ní àárọ̀, kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ débi tí iná iwájú ti máa tàn nìkan. Ẹ́ńjìnnì ti sùn mọ́jú, ó ti tutù. Bí abẹ́rẹ́ bá wà lókè pátápátá, irọ́ ló ń pa.

Bó bá jẹ́ ojú ọ̀nà ni abẹ́rẹ́ ti gòkè, ẹ tan hítà dé òpin. Hítà ń fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Bí abẹ́rẹ́ bá sọ̀ kalẹ̀, òótọ́ ló ń sọ. Bó bá jẹ́ pé ìdúró ló ń gbé e gòkè, tí ìrìn sì ń rọ̀ ọ́ sílẹ̀, bíi ti ìlà ọkọ̀ ojú omi yẹn, fáànù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe géèjì. Bí kò bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣí ìdérí rádíétọ̀ nígbà tó bá gbóná o! Omi ibẹ̀ lè ti kọjá 100 láìhó nítorí ìdérí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i, ojú yín ni yóò hó sí.

Abẹ́rẹ́ tí kì í gòkè ńkọ́? Ẹ fọwọ́ kan afẹ́fẹ́ hítà. Bí afẹ́fẹ́ bá gbóná dáadáa, sẹ́ńsọ̀ tàbí wáyà ló bàjẹ́. Bó bá kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ṣeé ṣe kí tẹmosítààtì ti há sí ṣíṣí. Ní Nàìjíríà, àwọn mẹkáníìkì kan a máa yọ ọ́ dànù pé ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò rẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn níbẹ̀ pàápàá, ká má tíì sọ ti London lóṣù kìíní ọdún: epo á máa tán kíákíá, ẹ ó sì máa gbọ̀n nínú mọ́tò yín. Bí ẹ̀gbọ́n kan bá gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ẹ sọ pé, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kúkú pààrọ̀ rẹ̀."

Èyí tó léwu jù ni abẹ́rẹ́ tó já lulẹ̀ lójijì lẹ́yìn tó ti gòkè, tí hítà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn tútù. Ó ṣeé ṣe kí omi ti jò tán. Sẹ́ńsọ̀ tí kò sí nínú omi mọ́ kò mọ bí irin ṣe gbóná tó, ó kàn ń ka afẹ́fẹ́. Awakọ̀ á ní "ó ti tutù, ọpẹ́ ni", á máa lọ, tọ́ọ̀pù-gásíkẹ́ẹ̀tì á sì jó.

Bí géèjì epo náà bá ń ṣe ségesège lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má tíì ra sẹ́ńsọ̀ méjì. Ẹ wo ohun tí méjèèjì jọ ń lò: fíùsì, tàbí wáyà tó so wọ́n mọ́ irin mọ́tò.

Mọ́tò bẹntiróòlù tí wọ́n tà ní Yúróòpù láti 2001, àti ti dísù láti 2004, ní ihò kan, lábẹ́ sítíárìn lọ́pọ̀ ìgbà, tí a lè ki ẹ̀rọ kékeré bọ̀ láti ka ohun tí kọ̀ǹpútà ń rí. Bó bá sọ pé 90, tí abẹ́rẹ́ wà lókè pátápátá, ẹ wá àbùkù sọ́dọ̀ géèjì. Bó bá sọ pé 40 lábẹ́ òdo ní Thamesmead, wáyà sẹ́ńsọ̀ ti yọ tàbí ó ti já.

Lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ kí i kí ẹ tó rojọ́: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Bí mo bá dúró nínú gosùlóò, abẹ́rẹ́ a máa gòkè. Bí mo bá rìn, a máa sọ̀ kalẹ̀. Omi ò dín kù. Hítà ń gbóná." Ẹ kíyè sí "a máa": ohun tó ń ṣẹlẹ̀ léraléra ló ń sọ. Bí wọ́n bá bi yín pé, "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?", ẹ dárúkọ ọjọ́ náà. "Ó ti pẹ́" kò ràn wọ́n lọ́wọ́.