Ikebe Super Lábẹ́ Ìwé Ìṣirò

Ọdún 1976 ni Wale Adenuga bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Ikebe Super jáde, ìwé ẹ̀fẹ̀ aláwòrán. Àgbà ló ṣe é fún: Papa Ajasco, baba apárí, ń sá tẹ̀lé obìnrin kiri. Àmọ́ àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní Eko Ende mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀gbọ́n á rà á bọ̀ láti Ìkìrun, àbúrò á fi ìwé ìṣirò bò ó, gbogbo kíláàsì á sì rọ́ lọ sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn.

Papa Ajasco di sinimá ní 1984, ó tún di eré tẹlifíṣọ̀n. Òfin ọdún 1993 sì dá àjọ tó ń yẹ fíìmù wò sílẹ̀, wọ́n ń kọ ọjọ́ orí ẹni tó lè wò ó sára páálí rẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n èmi kì í wo páálí nìkan. Mo máa ń jókòó ti ọmọ, kí n wo ibi tó ti rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ òpùrọ́ tí àṣírí rẹ̀ tú ló ń pa á lẹ́rìn-ín, mo fi í sílẹ̀. Bó bá jẹ́ obìnrin tí wọ́n ń fi ìdí rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ni, mo máa ń pa tẹlifíṣọ̀n, ká jọ sọ̀rọ̀.

Orí fóònù ni kàtúùnù àgbà wà báyìí, àwọn òbí kan sì ṣì gbà pé ohun tí wọ́n bá ti yà, tọmọdé ni.