Ìdámọ̀ ọ́tísíìmù lára àgbàlagbà

Ìdámọ̀ ọ́tísíìmù lára àgbàlagbà ni àyẹ̀wò tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn fi ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tí ó ti dàgbà ti ní ọ́tísíìmù láti ìgbà èwe rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nígbà náà. Ọ́tísíìmù kì í ṣe àìsàn tí ènìyàn ń kó, kì í sì í bẹ̀rẹ̀ ní àgbà. Ọ̀nà tí ọpọlọ gbà dàgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ó máa ń hàn nínú bí ènìyàn ṣe ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, bí ó ṣe ń di ìṣe kan náà mú lójoojúmọ́, àti bí ariwo, ìmọ́lẹ̀, òórùn tàbí ìfọwọ́kàn ṣe ń rí lára rẹ̀. Nítorí náà, orúkọ nìkan ni ó jẹ́ tuntun fún àgbàlagbà tí ó ṣe àyẹ̀wò yìí. Ìgbésí ayé tí orúkọ náà ń ṣàlàyé ti wà tipẹ́.

## Ìtàn

Leo Kanner gbé ìròyìn kan jáde ní ọdún 1943, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, nípa àwọn ọmọ 11 tí ó ní ọ́tísíìmù: ọkùnrin 8 àti obìnrin 3. Ní ọdún 1944, Hans Asperger kọ nípa àwọn ọmọkùnrin kan ní ìlú Vienna ní Austria, tí wọ́n mọ ọ̀rọ̀ sọ dáradára ṣùgbọ́n tí ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn nira fún wọn. Èdè Jámánì ni Asperger fi kọ ọ́. Ní ọdún 1981, Lorna Wing, dókítà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọbìnrin rẹ̀ ní ọ́tísíìmù, ṣàlàyé iṣẹ́ náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, láti ìgbà náà ni ó sì ti di mímọ̀ káàkiri.

DSM ni ìwé atọ́nà tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ń lò. Ní ọdún 1980, ìwé náà ya ọ́tísíìmù sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ó pè é ní ti ọmọ ọwọ́. Ní ọdún 1994, ó fi ipò tí a fi orúkọ Asperger pè kún un. Ní ọdún 2013, ó kó gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, ó sì sọ pé bí àwọn àmì rẹ̀ tilẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà láti ìgbà èwe, wọ́n lè má hàn títí ohun tí ayé ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn yóò fi ju agbára rẹ̀ lọ, tàbí kí ìwà tí ó kọ́ bò wọ́n mọ́lẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti kúrò nílé ìwé kí àyípadà wọ̀nyí tó dé kò ní ẹni tí yóò dá a mọ̀ lára wọn. Meng-Chuan Lai àti Simon Baron-Cohen pè wọ́n ní ìran tí ó sọnù nínú ìwé ìwádìí kan ní ọdún 2015.

Ní Ilẹ̀ọba Aṣọ̀kan, ìwádìí kan lórí àkọsílẹ̀ àwọn dókítà fi hàn pé iye ìdámọ̀ tuntun fi 787% pọ̀ sí i láàárín ọdún 1998 àti 2018. Láàárín àwọn àgbàlagbà àti àwọn obìnrin ni ìbísí náà ti pọ̀ jù.

## Ìdí tí ó fi ń pẹ́

Ọmọ tí ó tètè sọ̀rọ̀, tí ó sì ń ṣe dáadáa nílé ìwé, kì í sábà mú kí olùkọ́ tàbí òbí fura. Àwọn ọmọbìnrin ni èyí máa ń bá jù, nítorí pé lára àwọn ọmọkùnrin ni a ti kọ́kọ́ mọ àwọn àmì náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti kọ́ bí a ti ń bo ìwà ara ẹni mọ́lẹ̀. Wọ́n ń ṣọ́ ojú àwọn ẹlòmíràn láti mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń to ọ̀rọ̀ tí wọn yóò sọ sílẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé, wọ́n sì ń fi agbára dúró níbi tí ariwo ti ń dá wọn lóró. Ẹni tí ó ń wò wọ́n lè rò pé kò sí ohun tí ó ṣe wọ́n. Ìgbà tí wọ́n bá délé ni àárẹ̀ máa ń dá wọn wó. Àwọn mìíràn ti gba ìtọ́jú fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àníyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ẹni tí ó béèrè ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan kì í mọ̀ títí a ó fi dá a mọ̀ lára ọmọ wọn. Báyìí ni ó rí fún Morénike Giwa Onaiwu, ajàfẹ́tọ̀ọ́ ará Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olóòtú ìwé *All the Weight of Our Dreams* (2017).

## Bí àyẹ̀wò ṣe ń lọ

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí àwòrán ọpọlọ tí ó lè fi ọ́tísíìmù hàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìbéèrè bíi AQ, tí Baron-Cohen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge gbé jáde ní ọdún 2001. Ìbéèrè 50 ni ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó láti fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Dókítà ọpọlọ tàbí onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá yóò bá ẹni náà sọ̀rọ̀ fún wákàtí mélòó kan, yóò kíyè sí ìṣe rẹ̀, yóò sì béèrè nípa ìgbà èwe rẹ̀ lọ́wọ́ òbí tàbí ẹ̀gbọ́n. Ibi tí ó ti máa ń nira fún àgbàlagbà nìyí: òbí lè ti kú, ìwé èsì ilé ìwé sì lè ti sọnù.

## Ipa àṣà

Àwọn àmì tí ìwé ìbéèrè ń wá kò dá dúró láìsí àṣà àwọn tí ó kọ ọ́. Àìwojú ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn; ṣùgbọ́n láàárín àwọn Yorùbá, ọmọ tí ó bá rẹ ojú sílẹ̀ níwájú àgbà ni a ń pè ní ọmọ tí a kọ́. Àmì náà lè fara pamọ́ sábẹ́ ẹ̀kọ́ ilé. Ní ọ̀nà kejì, ohun tí kò nira fún àwọn ẹlòmíràn lè di ẹ̀bi. Ẹni tí ó gbàgbé láti kí ènìyàn nítorí pé ọkàn rẹ̀ wà níbòmíràn ni a ń pè ní agbéraga. Òwe sì wí pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Ẹni tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ kì í di odidi nínú rẹ̀ lè gba orúkọ aláìlóye, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí kò lè yé e bí a bá là á mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ mìíràn ni a ti kà sí ẹmèrè nítorí ìṣe wọn.

## Ìrírí lẹ́yìn ìdámọ̀

Ìtura ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n fi ìgbà èwe Susan Boyle, akọrin ará Scotland, mọ sí pé ọpọlọ rẹ̀ fara pa nígbà ìbí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, ó sọ fún gbogbo ayé pé àyẹ̀wò ti fi hàn pé ipò Asperger ni, ó sì ní ìtura ni ó jẹ́ fún òun. Chris Packham, olóòtú ètò ẹranko igbó lórí tẹlifíṣọ̀n, jẹ́ ẹni ọdún 44 nígbà tí a dá a mọ̀ lára rẹ̀ ní ọdún 2005; ó sọ ìrírí rẹ̀ nínú fíìmù *Asperger's and Me* ní ọdún 2017.

Ìbànújẹ́ àti ìbínú sì máa ń tẹ̀lé ìtura náà. Ènìyàn a máa ronú padà sí ìjìyà tí ó jẹ nílé ìwé, iṣẹ́ tí ó pàdánù àti ọ̀rẹ́ tí ó kọ̀ ọ́, a sì máa rò ó bí ì bá ti rí bí ẹnìkan bá ti tètè mọ̀. Ewu àìtètèmọ̀ náà kò kéré. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2014, a béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àgbàlagbà 367 tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ipò Asperger mọ̀ lára wọn ní ilé ìtọ́jú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú wọn, 66% ti ronú rí láti pa ara wọn, 35% sì ti ṣètò rẹ̀ tàbí gbìyànjú rẹ̀.

## Ẹ̀tọ́ àti ìrànlọ́wọ́

Kò sí oògùn tí ó ń wo ọ́tísíìmù. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn tí ó lè bá a rìn ni a lè tọ́jú. Ìrànlọ́wọ́ tí ó sábà máa ń ṣàǹfààní ni àyípadà ibi iṣẹ́ àti ilé: yàrá tí kò ní ariwo, ìtọ́ni tí a kọ sílẹ̀, àti àkókò ìsinmi lẹ́yìn ìpéjọpọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Òfin Ọ́tísíìmù ti ọdún 2009 pa á láṣẹ fún ìjọba láti ṣètò fún àwọn àgbàlagbà tí ó ní i, títí kan ọ̀nà tí wọn yóò fi rí àyẹ̀wò ṣe. Ní Nàìjíríà, òfin tí ó dènà ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara gba ìbuwọ́lù ààrẹ ní oṣù Kìíní ọdún 2019. Àjọ Ìṣọ̀kan àwọn Orílẹ̀-èdè ya ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ìlanilọ́yẹ̀ nípa ọ́tísíìmù.