Ìdí tí Ìṣáwùrú Kò Fi Di Owó: Ìkarahun, Òkun àti Iye ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìkarahun méjì ló wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ọ̀kan jẹ́ ti ìṣáwùrú tí mo rà lọ́wọ́ ìyá kan tó ń pàtẹ ẹja àti edé létí ọ̀sà Èkó: ó gùn ṣóńṣó, ara rẹ̀ rí págunpàgun, ẹrẹ̀ dúdú ṣì há sí kọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti gé ṣóńṣó ìdí rẹ̀ kí ẹni tó ń jẹ ẹ́ lè fẹnu fà á. Èkejì ni owó ẹyọ: ó funfun, ó ń dán, wọ́n ti lu ẹ̀yìn rẹ̀ kí okùn lè gbà á kọjá. Ìgbín inú omi ló ni ilé méjèèjì. Ọ̀kan, a sè é jẹ. Èkejì, a fi ṣòwò, a fi fẹ́ ìyàwó, a sì fi ra ènìyàn. Kí ló mú ìyàtọ̀ wá?

Èsì tó yá lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé owó ẹyọ rẹwà, ó sì le. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò tán síbẹ̀. Èrò tèmi ni pé ìkarahun kì í tìtorí ẹwà nìkan di owó. Ibi tí ẹni tó ń ná an kò ti lè ká ṣòkòtò sókè kó bọ́ sómi lọ ṣà á ló ti ń di owó.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ẹwà náà bẹ̀rẹ̀, torí pé ó nídìí. *Monetaria moneta* ni àwọn onímọ̀ ń pe ìgbín tó ni owó ẹyọ. Linnaeus, ọ̀kan nínú wọn, ló fi owó sọ ọ́ lórúkọ ní 1758. Nígbà tó bá wà láàyè, ẹran ara rẹ̀ á yọ láti apá ọ̀tún àti òsì, á bo ìkarahun náà títí á fi pàdé lókè. Ẹran yìí ló ń fi ohun dídán kun ìkarahun lójoojúmọ́, kò sì jẹ́ kí ewédò rí ibi lẹ̀ mọ́. Ìṣáwùrú, *Tympanotonos fuscatus*, kò ní irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ìta gbangba ni ìkarahun tirẹ̀ wà, tí ẹrẹ̀ àti omi ń jẹ ẹ́. Ohun kan tún wà: bí owó ẹyọ bá ti dàgbà, etí ìkarahun rẹ̀ á ká sínú, á yọ eyín, kò sì ní gùn mọ́. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ìtóbi wọn jìnnà síra púpọ̀.

Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń ka owó. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì tó gbé láàárín Yorùbá, ṣàpèjúwe kíkà náà ní 1887: wọ́n á da ọ̀kẹ́ owó sílẹ̀, ẹni tó ń kà á á kúnlẹ̀ tàbí kó jókòó tì í, á máa fọwọ́ fa márùn-ún márùn-ún. Bó bá fà á nígbà ogún, ọgọ́rùn-ún pé. Wọ́n á gbá ọgọ́rùn-ún méjì jọ, ó di igba. Ogójì ló ń wà lórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá (2,000), ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan (20,000). Ta ló máa ń wọn owó tí kíkà bá ti tó? Ara ìgbín náà ti bá wa wọ̀n ọ́n tán kó tó kúrò nínú òkun.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹwà nìkan ni, a ní tiwa. *Zonaria zonaria*, ìbátan owó ẹyọ, ń gbé etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti Senegal dé Angola, ó sì ń dán. Kì í ṣe òun ni wọ́n dì sínú ọ̀kẹ́. *Moneta* kò sí lọ́dọ̀ wa rárá. Òkun lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ní òkúta iyùn ló ń gbé, láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà lọ dé Pàsífíìkì. Òkun a máa gbé ọmọ rẹ̀ wẹ́wẹ́ káàkiri, ṣùgbọ́n ìṣàn omi tútù Benguela dí wọn lọ́nà ní gúúsù Áfíríkà. Ká tilẹ̀ ní wọ́n dé ọ̀sà Èkó, wọn ò ní lè gbébẹ̀: lásìkò òjò, omi odò Ògùn àti ti àwọn odò mìíràn á fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ iyọ̀ ibẹ̀ tán, lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á padà wọlé. Ìṣáwùrú ló mọ ìwà ọ̀sà yẹn.

Arìnrìn-àjò Ibn Battuta jẹ́ ká rí ohun tí ọ̀nà jíjìn ń ṣe sí iye. Ní ọ̀rúndún 14, ó ṣe adájọ́ ní erékùṣù Maldives, níbi tí wọ́n ti ń bo owó ẹyọ mọ́ inú kòtò títí ẹran rẹ̀ á fi jẹrà dànù. Ó ní 400,000 ni dínárì wúrà kan ń rà níbẹ̀, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó dé Mali àti Gao, 1,150 péré ni dínárì kan ń rà. Ìkarahun kan náà ni. Ìrìn ló gbówó lé e. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó gba òwò náà, tí wọ́n ń kó o gba Yúróòpù wá sí Ouidah àti Èkó, tí wọ́n sì ń fi í ra ènìyàn lẹ́rú.

Ẹnìkan lè já mi nírọ́ pé: ìjọba Kóńgò ńkọ́? Àwọn ná *nzimbu*, ìkarahun kékeré láti erékùṣù Luanda, etí òkun tiwọn gan-an. Àríwísí yìí lágbára, ó sì mú kí n tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Ọba Kóńgò ló ni àṣẹ lórí ibi tí wọ́n ti ń wa *nzimbu*. Ará ìlú kò lè lọ bù ú bó ṣe wù ú. Nítorí náà, kì í ṣe jíjìn fúnra rẹ̀ ni òfin náà, bí kò ṣe pé orísun rẹ̀ wà ní ìkáwọ́ ẹlòmíràn. Fún Kóńgò, àṣẹ ọba ni odi. Fún wa, òkun ni.

Odi náà wó ní ọ̀rúndún 19. Àwọn oníṣòwò Hamburg ní Jámánì, bí ilé-iṣẹ́ O'Swald, ń kó *Monetaria annulus* láti Zanzibar wá sí Èkó. Ó tóbi, ó wúwo ju *moneta* lọ, ó ní òrùka bí wúrà lẹ́yìn, ó sì pọ̀ bí yanrìn. Kò pẹ́ tí ọ̀kẹ́ owó fi di ẹrù tí iye rẹ̀ kò tó owó aláàárù tó rù ú lọ sọ́nà jíjìn. Ìkarahun *moneta* kò yí padà, ẹwà rẹ̀ kò dínkù. Orísun tó sún mọ́ni ló pa á lójà. Ṣùgbọ́n kò kú nílé òrìṣà: ẹẹ́rìndínlógún, owó ẹyọ tí wọ́n fi ń ṣàyẹ̀wò, ṣì ń fọhùn nílé, ní Kúbà àti ní Bùràsíìlì, torí pé mẹ́rìndínlógún péré ló ń fẹ́, kò sí bí ọkọ̀ ṣe lè kó o wọlé tó tí ìyẹn yóò yí padà.

Ó wá ku ìṣáwùrú. Ó lè dà bí ẹni pé èrò mi ń ṣèlérí fún un pé bó bá di ọ̀wọ́n, iye rẹ̀ á gòkè. Rárá. Àwọn tó ń wa yanrìn nínú ọ̀sà Èkó ń wa ibùgbé àwọn ìgbín ibẹ̀ lọ pẹ̀lú yanrìn, pàápàá ti *Pachymelania aurita*, ìgbín kékeré tó pọ̀ jù ní ìsàlẹ̀ ọ̀sà náà. Ọ̀wọ́n owó ẹyọ wá láti ọ̀nà jíjìn, ìgbín sì ṣì ń bímọ ní òdìkejì ọ̀nà náà. Ọ̀wọ́n ìṣáwùrú kò ní òdìkejì kankan. Bó bá tán nínú ọ̀sà, kì í ṣe ọ̀kẹ́ owó ló máa wọ̀. Inú ìkòkò ọbẹ̀ ìyá tó tà á fún mi ló ti máa kúrò.