Ìgbà tí Rédíò Jẹ́ ti Gbogbo Ilé

Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1945, nígbà tí ogun Hitler ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní Yúróòpù, BBC dá ìkànnì rédíò kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n pè ní Light Programme. Orin àti ẹ̀fẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ ká wò fínnífínní ni bí wọ́n ṣe to ọjọ́ rẹ̀. Àwọn tó tò ó mọ ẹni tó wà nílé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sì mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ ilé, rédíò kan ṣoṣo ló wà, pálọ̀ ló sì wà.

Bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ bá ti kọjá, tí baálé ti lọ síbi iṣẹ́, tí àwọn ọmọ ti wà nílé-ìwé, Housewives' Choice ló kàn: orin tí àwọn ìyàwó ilé fi lẹ́tà béèrè fún. Music While You Work tẹ̀ lé e, ètò tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1940 kí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ lè yá nígbà ogun. Láti ọdún 1950, tí ó bá ku ìṣẹ́jú 15 kí aago méjì ọ̀sán lù, Listen with Mother a bẹ̀rẹ̀, ìtàn àti orin fún ọmọ tí kò tíì tó ilé-ìwé lọ. Aago méjì gééré, ó di Woman's Hour. (Ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe atọ́kùn ètò àwọn obìnrin yìí lọ́dún 1946, Alan Ivimey lorúkọ rẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan!) Ní aago mẹ́rin, ìyàwó dókítà kan a máa ro ohun tó ń lọ nínú ilé rẹ̀ fáráyé nínú Mrs Dale's Diary.

Ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo ilé ń pé. Aago méje ku ìṣẹ́jú 15 ni wákàtí tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ pàdánù. Dick Barton, ìtàn akọni tí ń lé ọ̀daràn kiri, ló kọ́kọ́ gba àyè náà. Nígbà tó di ọdún 1951, The Archers rọ́pò rẹ̀. Ìtàn ìdílé àgbẹ̀ kan ni, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ṣì ń fi ìwé pín oúnjẹ ní Bìrìtìkó nígbà náà, ìjọba sì fẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ kọ́ bí irè oko yóò ṣe pọ̀ sí i. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu jù ni Educating Archie: Peter Brough ń fi ọmọláńgidi sọ̀rọ̀ láìjẹ́ kí ètè òun fúnra rẹ̀ mì, lórí rédíò tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí ètè rẹ̀. Ọmọdé àtàgbà sì ń gbọ́ ọ.

Tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé di ẹ̀bi ìparẹ́ àsìkò yìí rù, òótọ́ sì wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Kí ọdún 1958 tó parí, ìwé-àṣẹ tẹlifíṣọ̀n ti pọ̀ ju ti rédíò nìkan lọ. Àmọ́ títí di oṣù Kejì ọdún 1957, ṣe ni tẹlifíṣọ̀n máa ń dákẹ́ láti aago mẹ́fà sí aago méje ìrọ̀lẹ́, kí àwọn òbí lè ráyè tẹ́ ọmọ kéékèèké sùn. Inú wákàtí yẹn gan-an ni The Archers bọ́ sí. Lálẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1955, tí ITV, tẹlifíṣọ̀n tó wá bá ti BBC figagbága, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn tó ń ṣe eré náà jẹ́ kí Grace Archer, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀, kú látàrí iná, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń sọ nílẹ̀ tó mọ́. Rédíò kò kàn káwọ́ gbera.

Lójú tèmi, rédíò fúnra rẹ̀ ló tú agbo ká. Nígbà tí rédíò kékeré oníbátìrì dé ní ìparí àwọn ọdún 1950, ọmọ lè gbé tirẹ̀ wọ yàrá, kó gbọ́ ohun tí bàbá rẹ̀ kò ní fẹ́ gbọ́. Lọ́dún 1964, Radio Caroline bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin ọ̀dọ́ ránṣẹ́ láti inú ọkọ̀ lójú òkun. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1967, BBC pa Light Programme rẹ́: Radio 1 di ti ọ̀dọ́, Radio 2 di ti àwọn tó dàgbà jù wọ́n lọ.

Ní ti pé ohun kan náà ni gbogbo ilé ń gbọ́, tiwa ní Èkó àti Ìbàdàn tún le ju ti Lọ́ńdọ̀nù lọ. Láti ọdún 1935 ni wọ́n ti ń fi wáyà gbé ètò BBC wọ ilé àwọn tó ń san owó rẹ̀ ní Èkó. Àpótí Rediffusion tí wáyà náà wọ̀ kò ní ibi tí èèyàn ti lè yí ìkànnì. Kí èèyàn gbé ohùn rẹ̀ sókè tàbí kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n pè é. Ẹni tó bá ń ṣàárò ìṣọ̀kan ìdílé nídìí rédíò gbọ́dọ̀ gbà pé àìsí òmíràn wà lára ohun tó so wọ́n pọ̀. Rédíò oníbátìrì tó tú wọn ká ní Lọ́ńdọ̀nù, òun náà ló dé oko àti abúlé wa tí wáyà kò dé.

Nínú gbogbo ètò tí mo dárúkọ, Woman's Hour àti The Archers nìkan ló ṣì wà lórí afẹ́fẹ́ lónìí.