Stews: orúkọ àtijọ́ fún ilé aṣẹ́wó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Stews ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ ń pe ilé aṣẹ́wó. Ọ̀rọ̀ náà kò ní ìtìjú kankan nínú níbẹ̀rẹ̀. Estuve ni àwọn Faransé ìgbà náà ń pe ilé ìwẹ̀ olómi gbígbóná, ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ti yá a. Nílé ìwẹ̀ bẹ́ẹ̀, oúnjẹ àti ọtí wà, ibùsùn náà wà fún ẹni tó bá lówó. Díẹ̀díẹ̀ ni òwò kejì bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ bagnio, ìyẹn ilé ìwẹ̀, tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn ará Ítálì lẹ́yìn náà gba ọ̀nà kan náà. Kódà stew tí a ń bu sórí ìrẹsì, ìdí omi gbígbóná yìí kan náà ni ó ti ṣẹ̀ wá.

Southwark, ní gúúsù odò Thames, ni àwọn ilé aṣẹ́wó tó lókìkí jù wà. Bíṣọ́ọ̀bù Winchester ló ni ilẹ̀ ibẹ̀, àṣẹ àwọn alákòóso ìlú Lọ́ndọ̀nù kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òfin kan tí wọ́n ní ó ti wà láti 1161, láyé Ọba Henry Kejì, là á sílẹ̀ pé onílé kò gbọdọ̀ fi ipá dá obìnrin dúró bí ó bá fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kò gbọdọ̀ gba abilékọ, kò sì gbọdọ̀ fi ẹni tó ní àrùn abẹ́ sílé. Ẹni tó bá rú òfin, ilé ẹjọ́ bíṣọ́ọ̀bù ni yóò san owó ìtanràn sí.

Ohun tó ṣòro láti gbà nínú ìtàn yìí ni ti ìsìnkú. John Stow, òpìtàn ará Lọ́ndọ̀nù, kọ ọ́ ní 1598 pé òun gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé wọn kì í sin àwọn obìnrin wọ̀nyí sí itẹ́ òkú ìjọ bí wọn kò bá kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí wọ́n tó kú. Ilẹ̀ ọ̀tọ̀ ni wọ́n yà fún wọn, jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Owó wọn mọ́ tó fún àpò bíṣọ́ọ̀bù, òkú wọn ni kò mọ́. Ìwà ìkà ni mo pè é.

Ọba Henry Kẹjọ pàṣẹ ní 1546 pé kí wọ́n ti gbogbo ilé náà pa. Ọ̀rọ̀ náà kò bá wọn lọ: Shakespeare ṣì lò ó nínú Measure for Measure ní nǹkan bí 1604. Brothel ló wá gba ipò rẹ̀. Ènìyànkénìyàn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà aṣẹ́wó. Brothel-house sì ni orúkọ ilé náà kí wọ́n tó gé e kúrú.